Ọkọ̀ Tá A Kàn Lẹ́yìnkùlé Sáré Dópin

Sátidé, oṣù Kejìlá, 1988. Mushin.

Inú mi ń dùn débi pé mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́ kọ èyí.

Ọkọ̀ tí èmi àti Ẹ̀gbọ́n Múfú fi ẹ́ńjìnnì àlòkù àti páànù kàn lẹ́yìnkùlé bá àwọn ọkọ̀ olówó ńlá sáré láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, ní pápá bàálù tí wọn ò lò mọ́!

Ẹ̀gbọ́n nìkan ló yẹ kó wà á. Lọ́sàn-án, ooru ẹ́ńjìnnì jó o lẹ́sẹ̀. Ó tiro bọ́ sílẹ̀.

“Rísíkà, wọlé.”

“Ẹ̀gbọ́n, àdúgbò nìkan ni mo ti ń wà á o!”

“Ṣebí ọkọ̀ yẹn náà ni. Wọlé!”

Jíà kẹta ń yọ ṣáá. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú, mo ń fi tòsì yí sítíárì. Àwọn ọkọ̀ ńlá ń kọjá mi fìrì, ó dùn mí gan-an. Nígbà tó yá, mo ń rí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí èéfín ń rú lára wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bíi wèrè.

A ò gba ipò kankan. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ju àsíá pé eré ti parí, tiwa ṣì ń sáré! Mo rò pé ẹ́ńjìnnì ni Ẹ̀gbọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èmi ló dì mọ́, ó ń sunkún.

Orúkọ ẹ̀ nìkan ló wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà. Nígbà tá a délé, ó mú búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà pupa, ó kọ tèmi sábẹ́ ẹ̀, ó tóbi bíi tiẹ̀ gẹ́lẹ́. Mi ò lè dúró kó gbẹ, mo fọwọ́ kàn án. Ọ̀dà náà ti ràn mọ́ ojú ìwé yìí. Kó máa wà níbẹ̀.