Òdo Tí Mo Kọ Síwájú Orúkọ Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ilé kò dùn láti ìgbà tí ẹ ti lọ, n kò ní purọ́ fún yín. Òkúta tí ẹ fi ń pọ́n irin iṣẹ́ káfíńtà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí ẹ gbé e sí. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń tutọ́ sí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bí omi tilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ọ̀rọ̀ itọ́ gan-an ni mo bá wá.

Ẹ ṣáà rántí iṣẹ́ tí àwọn dókítà láti Ìbàdàn gbé wá sí ilé ìwòsàn wa ní Inísà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá itọ́ lásán lè fi hàn pé ibì kan ń wú nínú ara, àti bí ìrora ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó, lára ọmọdé, géńdé àti arúgbó. Èmi ni wọ́n kó ìgò kéékèèké, kúlà oníyìnyín àti ìwé ńlá kan fún. Epo bẹntiróò ti di góòlù nígbà náà. Ọjọ́ tí n kò bá rí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn. Bí ènìyàn bá tutọ́ sínú ìgò tán, màá bi í pé láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora rẹ̀.

Àwọn ọmọ Inísà kò da ènìyàn láàmú. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ lásán, mẹ́wàá! Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà Òkukù ni ojú mi ti rí màbo. Ìyá kan tí orúnkún rẹ̀ wú, tí kò lè dìde, a dúpẹ́ ló fi dá mi lóhùn. Mo tún un bi, a dúpẹ́ náà ni. Mo kọ òdo.

Àwọn àgbà kò pé iye tí wọ́n fẹ́, ni mo bá gbé ìgò wá bá yín ní Ìkìrun. Mo ti kìlọ̀ ṣáájú pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ kan ẹnu yín, títí kan pákò. Nígbà tí ẹ tutọ́, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ kì í kírun Àsùbá láì run pákò, mo sì gbaná jẹ. Mo bá yín wí bí ẹni ń bá ọmọ ilé-kéú wí. Ẹ fọwọ́ bo ẹnu, ẹ rẹ́rìn-ín. Mo bi yín ní mélòó, ẹ ní a dúpẹ́. Mo da itọ́ yín sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì kọ òdo síwájú orúkọ yín.

Pákò yín wà lójú fèrèsé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbẹ táútáú. Mo rí i. N kò rò ó.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Irùngbọ̀n tí ẹ dá sí, tí àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń yìn yín fún, ṣé kókó tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ fi ń bò? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fọ́ egungun ẹran, ẹ wá sọ ara yín di ẹni tó ń mu ẹ̀kọ. Ṣé nítorí pé ọmọ yín ló ń béèrè ni? Nígbà tí a fi gbé yín dé ilé ìwòsàn Òṣogbo, kókó náà ti jẹ egungun àgbọ̀n yín. Oṣù mẹ́ta kò pé tí a fi sin yín.

Dókítà àgbà pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní itọ́ àwọn àgbà Òkukù kò bá ìwé mi mu rárá: ibi tí mo kọ òdo, itọ́ ní ara ń jó. Wọ́n ti padà lọ bá wọn. Ìyá olórúnkún yẹn ti ń gba oògùn, ó ti ń rìn dé ọjà. Ìgò kan ṣoṣo ni wọn ò rí kí wọ́n yẹ̀ wò.

Bàbá, láti ọjọ́ tí a ti sin yín, ẹni tó bá bi mí bí ara ṣe rí, a dúpẹ́ ni mo ń wí. Ẹ̀yin nìkan ni n ó sọ òótọ́ fún.

Mẹ́wàá ni.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì bá yín wí láìtọ́.