Mílíìkì Tí Inú Ọmọ Mi Kọ̀

Màámi, ẹni tí mo fẹ́ràn jù,

Háà! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ Ajé, níwájú nọ́ọ̀sì ní Ìkẹ́nnẹ́, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ju tèmi lọ. Títí di báyìí, n kò tíì bọ́ nínú ìyàlẹ́nu náà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti bímọ, Màámi. Obìnrin ni. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún mi kí wọ́n tó rí i gbé jáde, àìsàn sì tẹ̀ lé e, ni ọmú mi bá gbẹ pátápátá. A wá gbára lé mílíìkì inú agolo. Èyí tí a kọ́kọ́ rà, ó bì í. A pààrọ̀ rẹ̀, ó tún bì í, ìgbẹ́ gbuuru sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi nílé ìwé fi oríṣi mìíràn ránṣẹ́ láti Ṣàgámù, èyí tí gbogbo ọmọ tiẹ̀ mu dàgbà. Òun ló tiẹ̀ burú jù! Inú ọmọ á le gbandi, á ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, á máa ké títí ohùn rẹ̀ á fi há. Mo ń se ìgò fídà rẹ̀ nínú omi híhó, mo bu mílíìkì dín kù, mo tún bù ú kún, pàbó ló ń já sí. Ẹ̀gbà tí ó há mọ́ ọn lọ́wọ́ wá ń yọ bọ́ sílẹ̀. Màámi, mo rò pé n ó sin ín ni.

Nọ́ọ̀sì wá bi mí bóyá ẹnì kan wà nínú ẹbí wa tí inú rẹ̀ kì í gba mílíìkì màlúù. Mo fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí. Ẹ̀gbọ́n yín, Màmá Ìsarà, tí wọ́n wá bá mi tọ́jú ọmọ, wo èmi, wọ́n wo nọ́ọ̀sì, ni wọ́n bá dárúkọ yín.

Ẹ̀yin kẹ̀! Pé láti kékeré, bí mílíìkì bá ti kan ẹnu yín, èébì ni, ìgbẹ́ ni, ó tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí yín rí. Pé ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń mu tíì dúdú títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ẹ̀yin alára mọ ohun tí mo ti fi tíì dúdú yẹn sọ fáráyé! Mo ní ẹ fi mílíìkì du ara yín kí ó lè kárí àwa ọmọ. Mo sọ ọ́ níṣojú yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ẹ kàn ń tún gèlè yín ṣe. Mo tún sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú yín, àlùfáà pàápàá nu ojú. Gbogbo Ìpẹ̀rú sunkún lórí ìgbẹ́ gbuuru! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ṣé ojú ń tì yín ni, àbí ó dùn mọ́ yín bí mo ṣe ń yìn yín? Inú bí mi, mo bú sẹ́rìn-ín, mo tún bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì rò pé orí mi ti dàrú.

Òun ló ní ká wá mílíìkì tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, tí kò ní ti màlúù nínú rárá. Ọkọ mi wá a dé Èkó kó tó rí i, nítorí mílíìkì ti di ọ̀wọ́n gógó. Ọmọ mu ún, ó gùnfẹ̀, ó sùn. Mo ń retí èébì, èébì ò dé. Nígbà tí mo tú ìlẹ̀dí rẹ̀ láàárọ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ ti dì. Mo kígbe Halelúyà, gbogbo ilé sáré wá wo ìlẹ̀dí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Yétúndé ni Màmá Ìsarà sọ ọ́, nítorí lẹ́yìn yín la bí i. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá wọn jiyàn títí, mo ní orúkọ lásán ni, ẹni tó bá ti lọ ti lọ. Ní báyìí tí inú òun náà kọ mílíìkì bíi tiyín, n kò lè jiyàn náà mọ́. Ó ti mu fídà rẹ̀ tán, ó wà lórí itan mi níbi tí mo ti ń kọ ìwé yìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú, ó tẹjú mọ́ mi.

Màámi, ta ni mò ń kọ̀wé sí gan-an?

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ fi ṣeré, tí ó ṣì fẹ́ràn yín bẹ́ẹ̀ náà.