Àgbò Tí A Gé Tà

Ojúlé Kẹfà,
Òpópónà Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọmọ ti lọ? Ara wa le níbí. Orúnkún ń dun Màmá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe ẹnu wọn.

Mo rí lẹ́tà rẹ pé kí n ta ọgbà ẹran rẹ fún ẹni tó fẹ́ rà á, nítorí pé àgbò kò mówó wọlé mọ́. N kò tíì dá onítọ̀hún lóhùn. Mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ ibi tí èrè ń gbà jáde. Alájàpá tó máa ń ra ẹran lọ́wọ́ rẹ wá. Ó fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn àgbò kan, ó fajú ro, ó sì ná an ní iye tí kò tó owó èèrí àgbàdo tí ẹran náà ti jẹ. Mo ní kó máa lọ.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Èmi àti Màmá mú àgbò náà lọ sọ́dọ̀ alápatà. Nígbà tó pa á tán, tí olùyẹ̀wò ẹran sì ti lu òǹtẹ̀ sí i, a gbé ẹran sórí tábìlì níwájú ilé, a ń wọ̀n ọ́n tà ní kílò. Àwọn èèyàn rọ́ wá. Àmọ́ o mọ Màmá: wọn kò lè tajà láìfi ènì sí i. Wọ́n fi kíndìnrín ṣe ènì fún télọ̀, wọ́n gbé odindi ẹ̀dọ̀ fún ìyá olóúnjẹ.

Mo ní, "Màmá, èrè lẹ ń pín yẹn o!"

"Ìwọ tó kàwé yìí, ṣé kí oníbàárà máa lọ lọ́wọ́ òfo ni?"

"Ọwọ́ òfo kẹ̀? Kílò méjì ló gbé dání!"

Síbẹ̀, a rí owó èèrí, owó alápatà àti ti àyẹ̀wò, díẹ̀ sì ṣẹ́ kù. Lọ́jọ́ kejì, ìyá olóúnjẹ padà wá, ó ní òun yóò máa gba itan méjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oníbàárà kan kì í ṣe ọjà, mo mọ̀; bí a bá rí irú rẹ̀ méjì sí i, ọgbà rẹ yóò bọ́ ara rẹ̀. Jọ̀wọ́, má tíì tà á.

Màmá ti ní àwọn ló máa jókòó ti tábìlì. Mo ní kí wọ́n máa kí oníbàárà, kí n máa mú ọ̀bẹ. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. N kò gbà wọ́n gbọ́.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì gbé ọmọ jó fún mi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí àárò rẹ ń sọ,
Bọ̀dá Oníṣirò