Òròmọdìyẹ Mẹ́jọ Yín Ti Di Ará Ìlúpéjú

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àárò wa. Ọmọ yín tó tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ wá sí Ìlúpéjú-Èkìtì ló ń kí yín. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi àti gbogbo agbo ilé wa ní Ìṣẹ́yìn. Kí àbúrò mi Fúnmi, tó ń ka ìwé yìí fún yín, rọra kà á o. Ó máa ń sáré kàwé bí ẹni tí òjò ká mọ́ ọ̀nà.

Ara wa le. Òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìyàwó mi ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì láràárọ̀, owó ìfẹ̀yìntì mi sì ń wọlé lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ẹni tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì, ìdákẹ́rọ́rọ́ ilé kì í tètè mọ́ ọn lára. Adìyẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òròmọdìyẹ mẹ́jọ tí ẹ kó fún mi nígbà ọyẹ́ lẹ ń retí. Ẹ ní ìyá wọn abọlọ́rùn ti kú, orúnkún yín ò sì gba kí ẹ máa lé adìyẹ mọ́. Ìran tí ẹ gbà lọ́wọ́ ìyá yín kò gbọdọ̀ parẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹrù ńlá lẹ dì sínú páálí kékeré.

Adìyẹ mẹ́wàá ti wà lẹ́yìnkùlé wa tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá wọn ni àgbébọ̀ dúdú kan tí ìyàwó mi sọ ní Piriínsípà, torí pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jẹun kó tó dé. Nígbà tí àwọn ọmọ hu ìyẹ́, mo da àgbàdo sílẹ̀, mo sì tú wọn sáàárín àwọn àgbà. Mo rò pé oúnjẹ á parí ìjà. Piriínsípà wo ọrùn wọn tó wà níhòòhò bí ẹni rí ọmọ tí kò wọ aṣọ iléèwé, ó sì fi àgógó ṣá ọ̀kan lórí títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Màámi, mo já pàṣán, mo nà án. Bí mo ṣe yíjú, ó tún padà sórí ọmọ ọ̀hún.

Aládùúgbò wa kan, Ọ̀mọ̀wé, fi bíi wákàtí kan ṣàlàyé fún mi lórí ìdúró bí ipò ṣe rí láwùjọ adìyẹ. Nígbà tí mo bi í pé kí ni ká wá ṣe, ó ní ìyẹn gba ìwádìí síwájú sí i.

Ìyá onílé wa, tí kò wọ kíláàsì rí, ló fi mí rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá adìyẹ náà ti wọ iléèwé ni, tí mo fi ń nà án. Ó ní kí n gbé àwọn ọmọ sábẹ́ àgò láàárín ẹ̀yìnkùlé, kí n máa da ọkà sínú àgò àti sẹ́yìn rẹ̀, kí tọmọdé tàgbà jọ máa jẹun láìfarakanra, kí wọ́n lè mojú ara wọn nínú ulé kan náà. Ulé ló pe ilé, bí àwọn ará Èkìtì ṣe ń pè é. Èmi tíṣà ò tún un ṣe.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní kí n fi òkúta gbé etí àgò sókè díẹ̀, kí ọmọ lè máa jáde, kó máa wọlé, kí àgbà má lè wọ̀ ọ́. Méje ń jáde. Èyí tó fara gbọgbẹ́ kò jáde, ó ń rù sí i. Ọkàn mi kò balẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àṣá já wálẹ̀. Piriínsípà figbe ta, ó na ìyẹ́ méjèèjì. Mo sáré débẹ̀, mo rí méje lábẹ́ igi kòkó. Mo wo inú àgò, ìkẹjọ tó fara gbọgbẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́; àfi ìgbà tí Piriínsípà dìde ni mo rí i: abẹ́ rẹ̀ ló sá sí.

Gbogbo wọn ti dàgbà báyìí, ọ̀kan ti ń yé ẹyin. Lánàá, ìyá onílé ní kí n fún òun ní abọlọ́rùn kan sìn, kí a jọ máa pín ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ti ń sin adìyẹ kí wọ́n tó bí mi ló ń tọrọ ìran yín, Màámi. Mo ní kó jẹ́ kí n bi ẹni tó ni wọ́n. Ẹ wo ohun tí ẹ máa sọ.

Kí Ọlọ́run fún orúnkún yín lágbára, kó sì jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ìyàwó mi ń kí yín, ìyá onílé náà ń kí ẹni tó ni adìyẹ.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéwálé