Má Gé Fóònù

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Orúnkún Bàbá ti gbọ́ oògùn. Ẹnu wọn nìkan ni kò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé rèé. Látìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún mi, ohùn mi ò yọ mọ́. Bí mo bá mu omi, ikọ́ ni. Àwọn dókítà ọ̀fun ti kámẹ́rà tín-ín-rín bọ̀ mí nímú, wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú iṣan ohùn mi méjèèjì ti rọ. Wọ́n ń ṣèwádìí abẹ́rẹ́ kan tó lè jẹ́ kó máa pàdé èkejì, mo sì ti gbà kí wọ́n fún mi.

Ọkọ mi ní ṣé eku ni mí, tí dókítà á fi máa dánwò? Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára síléètì pé: “Ọ̀fun ta ni?” Tíṣà ni mí. Mi ò ní máa fi àtẹ́wọ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí láé.

Ìwọ náà, má bá mi jiyàn. Àdúrà ni kí o bá mi gbà. Olúwa á máa ṣọ́ yín. Bí o bá sì pè tó jẹ́ èémí nìkan lo gbọ́, má gé fóònù bí o ṣe ń ṣe. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́, èmi ni. Nígbà tí o ń kólòlò ní kékeré, mi ò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ rí. Mo máa ń dúró ni.

Dúró dè mí.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin