Iṣẹ́ Gíláàsì Ń Lọ Dáadáa

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ súà. Àwọn tó ń ta oògùn olóró ń yìnbọn síra wọn ládùúgbò, wọ́n ń fọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, èmi ń pààrọ̀ rẹ̀. Ti oníbàtà tí mo ṣe láàárọ̀ àná, wọ́n ti fọ́ ọ kílẹ̀ tó ṣú. Ọlọ́pàá ń wò wọ́n níran! Ó ti sú mi jàre.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo ń sùn báyìí, ó tutù dáadáa. Ẹ ní kí n ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kẹ́ ẹ lè rí ojú mi. Ẹ má bínú, pákó ni èmi onígíláàsì fi dí tèmi.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ kí àbúrò mi tó ń palẹ̀mọ́ láti wá bá mi. Ẹ ní kó tú ẹrù rẹ̀.