Búùṣì Méjì Tó Kù

Bàbá wa, ó pé ọdún mẹ́ta lónìí tí ẹ fi irin sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ẹ, tí ẹ ní kí ẹ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lọ́sàn-án, tí ẹ ò sì jí mọ́. Búùṣì mẹ́fà ni oníbúlọ́ọ̀kù ní kí ẹ bá òun gbẹ́, òrùka irin tí ọ̀pá ẹ̀rọ tó ń po sìmẹ́ǹtì máa ń yí nínú rẹ̀. Ẹ ti parí mẹ́rin.

Àbúrò mi ti jáde ilé-ìwé. Ó ti ga jù yín lọ, bàtà yín ò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ò jò mọ́. Màmá ti ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn wọ́n ṣì máa ń bu oúnjẹ yín sáwo kí wọ́n tó rántí.

Èmi ọmọbìnrin yín tí ẹ fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́ ò jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tì. Iṣẹ́ gan-an kọ́ ló fẹ́ lé mi lọ, iye tí màá pè é ni. Ẹ máa ń sọ pé ìpalẹ̀mọ́ ló ń gbówó lórí ju irin lọ: kí a tó so irin mọ́ ẹ̀rọ, kí a tó pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀, kí a tó wọ̀n ọ́n, kí a tún un wọ̀n. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, òun nìkan ni yóò ru ẹrù yẹn; bó bá jẹ́ ogójì, wọ́n á pín in rù. Mo gbọ́, mi ò gbà sínú. Lọ́dún àkọ́kọ́, obìnrin kan ní kí n pe iye ẹyọ kan nínú ogójì, mo pè é. Nígbà tó máa padà wá, mẹ́ta péré ló fẹ́, iye tí mo ti pè náà ló sì san. Ẹnu mi ló kó bá mi. Ká ní ẹ wà níbẹ̀ ni, ẹ ò bá fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rọ kékeré ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ńlá wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, búùṣì karùn-ún wà lẹ́nu rẹ̀. Màmá fi aṣọ bò ó, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ tú ìpalẹ̀mọ́ yín. Iṣẹ́ ńlá ń wá, mò ń dá a padà, ṣọ́ọ̀bù ń rù.

Lóṣù tó kọjá, oníbúlọ́ọ̀kù dé. Ó ní mẹ́rin tí òun gbà níjọ́sí ti jẹ tán, òun fẹ́ méjì tó kù. Mo jókòó ṣírò. Irin, ẹ ti gé e. Ọ̀bẹ, ẹ ti pọ́n ọn. Gbígbẹ́ jẹ́ tèmi, kò pọ̀. Nígbà tó kan ìpalẹ̀mọ́, bírò dúró lọ́wọ́ mi. Ẹ ti pín in sọ́nà mẹ́fà. Mẹ́rin ti san tiwọn, ó ku ti méjì. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ló ni owó rẹ̀. Oníbúlọ́ọ̀kù san án láìjanpata, mo sì kó ìpín yín fún Màmá, mo ní owó iṣẹ́ ọkọ wọn ni. Wọ́n kà á, wọ́n ní owó yín kéré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́kún.

Màmá fúnra wọn ló ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ ńlá. Mo gbẹ́ ìkarùn-ún, mo gbẹ́ ìkẹfà; ìwọ̀n tí ẹ fi sílẹ̀ ò yẹ̀ rárá. Nígbà tó kan títú ìpalẹ̀mọ́ yín, ọwọ́ mi kọ̀. Màmá gbé ọwọ́ lé tèmi lórí kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń tú ẹnu ẹ̀rọ, a jọ tú u. Iṣẹ́ tí ọwọ́ yín ṣe gbẹ̀yìn láyé la tú yẹn, Bàbá.

Ẹ̀rọ ńlá ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Wákàtí méjì ni mò ń kọ fún ìpalẹ̀mọ́, torí iye tí ẹ máa ń lò nìyẹn. Èmi, wákàtí mẹ́ta ló ń gbà mí. Ìkẹta yẹn, mi ò lè kọ ọ́ sọ́rùn oníbàárà kankan, torí inú rẹ̀ ni mo ti máa ń dúró, tí àárò yín á máa sọ mí.

A ṣì ń wá yín, Bàbá. Ìyàwó yín, àbúrò mi, àti èmi, a fẹ́ràn yín.